Ojú Kò Dé Inú Àgádágodo: Lórí Kíkọ́ Afọ́jú àti Àwọn Tí Ọpọlọ Wọn Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́nà Mìíràn Ní Iṣẹ́ Àgádágodo Ṣíṣí



Ní Òkè-Àró tí mo ń gbé, ó ṣòro kí a tó rí ilé tí kò ní tó àgádágodo mẹ́ta. Géètì ní tirẹ̀, irin ẹnu ọ̀nà ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá ní tirẹ̀. Ibi tí a ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ sí tún ní tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Òkè-Àró wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, ṣùgbọ́n Èkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jẹun. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó gba ọ̀nà Ìjú lọ síbi iṣẹ́, ó di alẹ́ kí a tó padà. Ẹni tí ó bá fi ilé sílẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, àgádágodo ni ó fi ilé náà lé lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo dé ẹnu géètì mi, mo fi ọwọ́ kan àpò, n kò bá kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní kí n lọ pe wẹ́dà kí ó wá gé irin náà sọnù. Àgbàlagbà kan láàárín wọn ni ó ní kí n ní sùúrù, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ pe oníkọ́kọ́rọ́ tí ó ń jókòó létí títì. Ọkùnrin náà dé, ó jókòó lórí àpótí, ó ti irin tín-ín-rín méjì bọ ẹnu àgádágodo. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ojú rẹ̀ kò sí lára ohun tí ó ń ṣe rárá. Ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé ilé òdìkejì bí ẹni tí ń ronú gbèsè. Nígbà tí ó yá, ó tilẹ̀ di ojú pátápátá. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ‘kọ́’, àgádágodo sì ṣí. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, ‘Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ kí n wò níbẹ̀?’

Ìbéèrè ọkùnrin yìí ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹni tí ó ríran bá ní láti di ojú kí iṣẹ́ yìí tó dán mọ́rán lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló dé tí a kò fi kọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti di tẹ́lẹ̀? Àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò sì bá ọ̀nà tí àwa yòókù ń gbà ronú mu ńkọ́, àwọn tí wọ́n lè jókòó ti ohun kan ṣoṣo fún wákàtí mẹ́ta láìgbé orí sókè? Èrò tèmi ni pé àyè wà fún wọn nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì fẹ̀. Ohun tí kò fẹ̀ ni ọ̀nà tí àwa olùkọ́ ń gbà kọ́ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ díẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni mo pe ohun tí a fi ń ṣí i. Àgádágodo ni mo pe ohun tí a ń ṣí, ìbáà ṣe èyí tí a so mọ́ géètì tàbí èyí tí a kàn mọ́ ilẹ̀kùn. Mo ń lo ọ̀rọ̀ náà ‘afọ́jú’ láìfi bú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn ‘àkàndá ẹ̀dá’ jù, ṣùgbọ́n ìyẹn gba oríṣiríṣi ènìyàn mọ́ra, afọ́jú nìkan sì ni mo ní lọ́kàn níbi tí mo bá ti lò ó. Àwọn tí mo pè ní ẹni tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn ni àwọn tí a sọ pé wọ́n ní ọ́tísíìmù, èyí tí Leo Kanner kọ ìwé olókìkí lé lórí ní 1943. Àwọn tí ọkàn wọn kì í dúró pẹ́ lójú kan. Àti àwọn tí ìwé kíkà ń ni lára bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé làákàyè wọn pé. Láàárín 1990 sí 1999 ni ohùn àwọn kan nínú wọn fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí ròkè pé ìyàtọ̀ ni ohun tí ó wà lára àwọn, pé kì í ṣe àrùn.

Ohun tí ó wà nínú àgádágodo

Irú àgádágodo tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lónìí ní irin róbótó kan tí ó wà nínú ihò irin mìíràn, bí ọmọ odó ti ń wà nínú odó. Inú irin róbótó yìí ni kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Bí ó bá ti lè yí, àgádágodo yóò ṣí. Ohun tí kì í jẹ́ kí ó yí ni àwọn ìṣó kéékèèké, mẹ́rin tàbí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tò láti ẹnu ihò wọ inú lọ. Ìṣó kọ̀ọ̀kan pín sí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n láti orí wá. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣó òkè bá dábùú ààlà tí ó wà láàárín irin róbótó àti irin tí ó yí i ká, ọ̀nà dí. Eyín kọ́kọ́rọ́ ni ó ń gbé ìṣó kọ̀ọ̀kan sókè ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i, títí ojú ibi tí ìṣó méjèèjì ti pàdé yóò fi bá ààlà náà mu rẹ́gí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ òyìnbó ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti fi igi ṣe irú rẹ̀. Àwọn Dógónì àti Bàmbárá ní ilẹ̀ Málì náà ń gbẹ́ àgádágodo onígi tí ìṣó inú rẹ̀ ń já sílẹ̀ láti dí ọ̀nà, tí kọ́kọ́rọ́ onígi eléyín sì ń gbé wọn sókè. Wọ́n gbẹ́ ère sí i lójú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí fi ń dù ú lónìí. Linus Yale, ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní 1861 àti 1865, ni ó sọ ọ̀nà yìí di irin kékeré tí ilé iṣẹ́ lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu.

Ìdí tí a fi lè ṣí i láìlo kọ́kọ́rọ́ ni pé kò sí ẹ̀rọ tí ó lè lu ihò márùn-ún lórí ìlà kan kí ọ̀kan má yẹ̀ bí ìbú irun. Bí a bá fi irin kan, tí n óò pè ní irin ìyí, yí irin róbótó náà díẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìṣó ni yóò há lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ há. Bí a bá fi irin kejì, irin ìgbé, gbé èyí tí ó há náà dé ààlà, irin róbótó yóò yẹ̀ díẹ̀ sí i, ìṣó mìíràn yóò sì há. Báyìí ni a óò máa ṣe é títí wọn yóò fi tán. Àwọn òǹwòran a máa tẹjú mọ́ ọwọ́ tí ń gbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń yí ni iṣẹ́ wà níbẹ̀. Bí ó bá fi agbára yí i, gbogbo rẹ̀ yóò há pinpin. Bí kò bá sì yí i tó, èyí tí a ti gbé sókè yóò tún já wálẹ̀.

Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ojú lè rí láti ìta. Nínú ihò náà, gbogbo wa ni afọ́jú.

Ọwọ́ tí a kọ́

A máa ń sọ láàárín ara wa pé Ọlọ́run tí ó gba ojú ti fi òmíràn sí ọwọ́ àti etí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ó sì ń tu ni nínú, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí a rò pé kò sí ohun tí a ní láti kọ́ afọ́jú. Ẹni tí ó fọ́jú lánàá kò ní ìka tí ó yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ̀kọ́ ni ó ń mú ìyàtọ̀ wá. Ní 1996, àwọn onímọ̀ kan tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature: wọ́n rí i pé nígbà tí àwọn afọ́jú tí wọ́n ti mọ Bíréèlì kà bá ń fi ìka kàwé, apá tí ó ń ṣiṣẹ́ ìríran nínú ọpọlọ wọn ń jí sí iṣẹ́ ìka náà. Ọpọlọ kò jẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣófo. Ó fún ẹlòmíràn dá oko sí i. Ṣùgbọ́n ìka tí ó ti kàwé fún ọdún púpọ̀ ni a ń wí.

Louis Braille fúnra rẹ̀, tí a bí ní 1809, ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Òlu ni bàbá náà fi ń lu awọ gàárì ẹṣin, òlu sì ni ọmọ náà fi ṣeré tí ó fi gún ara rẹ̀ lójú. Irin ṣóńṣó tí ó jọ ti àkọ́kọ́ yìí náà ni ó wá fi ń tẹ àmì sórí bébà nígbà tí ó gbé ìlànà ìkọ̀wé rẹ̀ jáde ní 1829. Mo rántí ìtàn yìí nígbàkigbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé kí a má fi irin ṣóńṣó sọ́wọ́ afọ́jú.

Ní Nàìjíríà, a kò tíì kọ́ ọwọ́ wọ̀nyí tó bí ó ti yẹ. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ti wà ní Gindiri láti 1953. Ní 1955 ni a dá ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Federal Nigeria Society for the Blind sílẹ̀ ní Èkó. Òun ni ó ní ilé ìkọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Òṣòdì. Pacelli ní Sùúrùlérè bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ àkàndá sì dé Ọ̀yọ́ ní 1977. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn ilé wọ̀nyí ti ṣe. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a sábà ń fi lé afọ́jú lọ́wọ́ ní ilẹ̀ wa kò ju agbọ̀n híhun, àga oníkéènì, ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ, àti ìwé títẹ̀ lọ. Àwọn tí wọ́n ti rí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti ti tẹlifóònù ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba rí i pé kọ̀ǹpútà àti fóònù alágbèéká ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, orin ni tàbí títọrọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè dà bí Benjamin Aderounmu, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kòkòrò, tí ó di olókìkí pẹ̀lú sámbà lọ́wọ́ kí ó tó kú ní 2009. Àgádágodo ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ ní àwọn ìlú bí Òkè-Àró, nígbà tí àwọn tí ń ra àga oníkéènì ń dín kù.

Wọ́n ti ṣe irú èyí rí níbòmíràn. Ní Paris, ní nǹkan bí 1830, afọ́jú kan tí ń jẹ́ Claude Montal bẹ̀rẹ̀ sí tún ohùn dùùrù ṣe fún àwọn ènìyàn, ó sì kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1836. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ títún dùùrù ṣe di iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ afọ́jú ní ilẹ̀ Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Inú dùùrù kún fún irin àti okùn tí ó lè bàjẹ́ bí a bá ṣì wọ́n mú. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn gbé e fún wọn.

Bí a ti ń kọ́ ẹni tí kò ríran

Olùkọ́ tí ó ríran ní àṣà búburú kan: ẹnu rẹ̀ kún fún ‘wò ó’, ‘báyìí’, ‘níbí’, ‘lọ́hùn-ún’. Kí ó tó kọ́ ẹnikẹ́ni, kí ó tún ẹnu ara rẹ̀ kọ́. Kí ó ka àwọn ìṣó láti ẹnu ihò wọ inú, kí ó lè sọ pé ‘ẹ̀kẹta ti há, ẹ̀kẹrin ṣì ń fò’. Èdè Yorùbá sì ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìwé tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí iṣẹ́ yìí fi ojú ewé púpọ̀ ṣàlàyé bí ìṣó ti ń rí lábẹ́ ìka, nígbà tí àwa ní àwọn ọ̀rọ̀ àfarawé tí ó ti pín wọn fún wa. Ìṣó tí sípíríǹgì nìkan ń tì rọ̀ múlọ́múlọ́. Èyí tí ó há le koko. Èyí tí ó ti dé ààlà a dún ‘kọ́’ lábẹ́ ìka, irin ìyí a sì yẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ bá ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí irú ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje, wọ́n ti ní èdè tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ẹnu, ọwọ́ ló kàn. Àṣà àwọn ọ̀gá wa ni kí wọ́n gbá ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mú, kí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ bí ẹni ń fi ọmọláńgidi ṣeré. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ jẹ́ ojú rẹ̀, èyí kò yàtọ̀ sí kí a fi aṣọ di ojú mọ́ ènìyàn kí a sì ní kí ó wò. Ó dára kí ọwọ́ ọ̀gá wà nísàlẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé tirẹ̀ lé e, kí ó lè gbé e kúrò nígbà tí ó bá wù ú. Kí a sì sọ fún un kí a tó fi ọwọ́ kàn án.

Kí ó tó kan àgádágodo gidi, kí káfíńtà fi igi ṣe àwòkọ́ṣe ńlá kan, tí ìṣó inú rẹ̀ tó àtàǹpàkò, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì là sílẹ̀. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi ìka kan ààlà gan-an, tí yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé ìṣó dábùú. Lẹ́yìn èyí ni a óò gbé àgádágodo tí a ti yọ gbogbo ìṣó rẹ̀ ku ẹyọ kan fún un. Yóò ṣí i láàárín ìṣẹ́jú kan, yóò sì rẹ́rìn-ín. A ó fi ẹ̀kejì kún un, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Láti orí méjì sí orí mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i pé ìṣó kì í há ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé; ẹ̀kẹta lè ṣáájú ẹ̀kínní. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀. Mo ra àgádágodo kan, mo fi fáìsì dì í mọ́ tábìlì, mo di ojú. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó dá ìṣó tí ó há mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí sípíríǹgì ń tì. Mo sì jẹ́ ẹni tí ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ yangàn tẹ́lẹ̀.

Tábìlì iṣẹ́ ní òfin tirẹ̀. Kí ohun gbogbo ní ibùjókòó kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i nípò láìsọ. Kí a tú àgádágodo sínú àwo pẹrẹsẹ tí ó ní etí, tí a tẹ́ aṣọ sí, nítorí sípíríǹgì inú rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ríran pàápàá kì í rí i bí ó bá fò bọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan dábàá pé kí a fi òòfà máa ṣà wọ́n. Kò wúlò fún ìṣó, nítorí idẹ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, òòfà kì í sì í fa idẹ. Kí a jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, tí ó ń mú tábìlì gbọ̀n, tí ó sì ń bo ‘kọ́’ kékeré náà mọ́lẹ̀. Ní ti iná mànàmáná, bí wọ́n bá mú un lọ, olùkọ́ nìkan ni iṣẹ́ yóò dá dúró fún.

Ẹ má sì jẹ́ kí a tan ara wa jẹ: owó ojoojúmọ́ kò sí nídìí ṣíṣí bí kò ṣe nídìí títún ṣe àti kọ́kọ́rọ́ gígé. Èékánná àtàǹpàkò lè ka jíjìn eyín kọ́kọ́rọ́ bí ìka ti ń ka Bíréèlì. Bí a bá di ògbólógbòó kọ́kọ́rọ́ àti tuntun pọ̀ nínú fáìsì kan, afọ́jú lè fi fáìlì rẹ́ tuntun títí yóò fi bá èkejì dọ́gba, kí ó sì máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ tí ó ń fi iná gé e ń fẹ́ ìdènà níwájú abẹ rẹ̀, n kò sì ní gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìṣòro tí ó kù ni ọ̀nà. Ọ̀nà Òkè-Àró kún fún kòtò, ọ̀kadà kì í sì í wo ọ̀pá funfun. Nítorí náà, àgádágodo tí a lè gbé wá sí ìsọ̀ ni kí afọ́jú fi ṣe iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ti ara ilẹ̀kùn lè dúró de ìgbà tí yóò ní ẹnìkejì.

Àwọn tí ọkàn wọn gba ọ̀nà mìíràn

Bí mo bá sọ pé Òkè-Àró ni mo ti ń bọ̀, àwọn aláwàdà a bi mí bóyá wọ́n ti dá mi sílẹ̀. Àró ti Abẹ́òkúta ni wọ́n ń rò, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ wà. Ìlú méjì ni wọ́n, àwọn ọmọ tí mo sì ń sọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe alárùn ọpọlọ. Síbẹ̀ mo rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé ìtòsí, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, dípò kí a tì wọ́n mọ́lé. Ohun tí ó yé ọkùnrin náà ni pé iṣẹ́ tí ó ní ìtumọ̀ láàárín ènìyàn lè ṣe ohun tí ilẹ̀kùn títì kò lè ṣe.

N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù ni yóò fẹ́ràn àgádágodo. Wọn kì í ṣe irú kan náà. Ọ̀kan kò lè fara da ìró irin lórí irin. Òmíràn kò fẹ́ kí òróró kan òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀, ìfẹ́ náà kì í ṣe kékeré, ohun tí ó sì ń fẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ni ìdánilójú. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà, kí irin wà níbi tí ó wà lánàá. Kí olùkọ́ má sọ pé ‘má yí i jù’, nítorí ‘jù’ kò ní ìwọ̀n. Kí ó so òkúta kékeré kan rọ̀ mọ́ irin ìyí, kí ó ní, ‘Ìwọ̀n èyí ni.’ Ó yà mí lẹ́nu pé òkúta yìí ran gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, àti ẹni tí ó ríran, àti ẹni tí kò ríran. Ní ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró, àgádágodo ní ìwà kan tí ìwé kò ní: ó ń dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ìṣó kan gbé, ìdáhùn kan dé. Ẹni tí ìwé ń ni lára kò sì ní ìwé kankan láti kà níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù àti òfin

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé kì í ṣe olè ni a fẹ́ máa kọ́? Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ní 1851, níbi àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, Alfred Charles Hobbs, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣí àgádágodo Chubb ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Lẹ́yìn náà ó dojú kọ ti Bramah, tí ó ti wà nínú fèrèsé ìsọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìlérí 200 gíní fún ẹni tí ó bá lè ṣí i. Ó lo wákàtí 51, tí ó pín sí ọjọ́ 16, ó sì ṣí i. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀, bí a bá rí i lára ọmọ kékeré lónìí, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìdáhùn Hobbs fún àwọn tí ó bẹ̀rù ni pé àwọn olè ti mọ ọgbọ́n náà tipẹ́. Olóòótọ́ nìkan ni a ń fi í pamọ́ fún. Mo fara mọ́ ọn. Olè tí ó wá sí àdúgbò wa ní 2 òru, irin gígùn ni ó fi fọ́ ilẹ̀kùn. Kò ní àkókò láti máa gbọ́ ‘kọ́’.

Àwọn tí ó ń fi iṣẹ́ yìí ṣe eré ìdárayá, irú àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Hamburg ní Jámánì ní 1997, ní òfin méjì tí ó kárí ayé láàárín wọn: má ṣí èyí tí kì í ṣe tìrẹ, má sì fi èyí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ṣẹ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba ọ̀rọ̀ bí a ti sọ ọ́ gan-an, èyí kò tó. Ti ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ti aládùúgbò tí ó bẹ̀ mí ńkọ́? Kí a sọ ọ́ tán: kí olóhun dúró síbẹ̀, kí ọ̀gá mọ̀ sí i, kí a kọ orúkọ olóhun sínú ìwé kí irin tó wọ ihò.

Nítorí ewu gidi kò sí níhà ibi tí a ń wò. Ọmọ tí ó fẹ́ràn àgádágodo láìní èrò ibi lè máa ṣí ti gbogbo òpópónà kiri. Bí ọdẹ àdúgbò bá bá a nídìí géètì ní òru, tí kò lè wò wọ́n lójú, tí kò sì lè dáhùn kíákíá, ẹ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Òfin pàápàá kò rọ̀. Abala 417 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tí a bá bá irin ìfọ́lé lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru láìní ìdí tí ó bófin mu jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 sì ni. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ẹ̀rí ìdí náà hàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, èrò láti ṣe ibi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí ó tó jẹ̀bi. Òru nínú òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ ní 6:30 ìrọ̀lẹ́, ó sì parí ní 6:30 òwúrọ̀. Fún ẹni tí ọ̀sán àti òru dọ́gba lójú rẹ̀, èyí jẹ́ ohun tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ máa bá a ṣọ́.

Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá sọ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba fi ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn bí ó bá ti ṣeé ṣe tó. N kò retí pé iṣẹ́ ìjọba yóò kárí. Mo ń ro ti ìsọ̀ kan létí títì: tábìlì gígùn kan, fáìsì mẹ́rin, àwòkọ́ṣe onígi kan, ọ̀gá kan tí ó gbà láti máa sọ̀rọ̀ dípò kí ó máa nawọ́. Kí ọ̀gá àti òbí mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi han ẹgbẹ́ àwọn onílé, àwọn ọdẹ àdúgbò, àti àgọ́ ọlọ́pàá kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Kí ó gba ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ òmìnira bí ọmọ iṣẹ́ yòókù. Títí di ọjọ́ náà, kí irin ìyí àti irin ìgbé máa sùn sí ìsọ̀, nínú àpótí tí a tì. Kí iṣẹ́ sì parí ní 4 ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo wọn lè délé kí 6:30 tó lù.